Orúnkún Tí Kò Kanlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù kìíní

Dókítà ní kí n máa kọ bí ẹsẹ̀ mi bá ṣe ń ṣe mí lójoojúmọ́, kí n mú ìwé náà wá fún òun lẹ́yìn oṣù méjì. Kò sọ èdè tí n óò fi kọ ọ́. Yorùbá ni mo máa kọ. Bó bá fẹ́ kà á, kó lọ wá ògbufọ̀.

Èsì àyẹ̀wò ti dé. Kò sí ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀jẹ̀ mi pé. Egungun kò ní nǹkan. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń sọ fún wọn pé èèrà ń rìn nínú ẹsẹ̀ mi láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀, pé ó ń gún mi bí abẹ́rẹ́, pé nígbà mìíràn ó máa ń kú pátápátá bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Gbogbo ìwé tí wọ́n fún mi, "normal" ni wọ́n kọ sí i. Dókítà obìnrin yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó fi ìka tẹ èjìká mi, ẹ̀yìn mi, ìgbọ̀nwọ́ mi, tí mo sì ń ké níbi gbogbo tó tẹ̀. Ó ní, "Madame, c'est la fibromyalgie." Ó ní àìsàn náà kì í pani, kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Ó fún mi ní oògùn tí n óò máa lò ní ìrọ̀lẹ́.

Ó ní kí n má dúró sójú kan ju ààbọ̀ wákàtí lọ, kí n má ká ẹsẹ̀ jókòó, kí n má sì kúnlẹ̀. Ó sọ ti ìkúnlẹ̀ yẹn bí ẹni tó ní kí n dín iyọ̀ kù. Mo wo ojú rẹ̀. Ọmọ Bouaké ni, kì í ṣe Yorùbá. Kò mọ ohun tó sọ.

Mo délé, mo sọ fún Lúkmánì. Ohun tí ọkọ mi kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ìyá Fàìzà, ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ kúrò láàárín èmi àti ìwọ o. Àwọn ará ilé Karim ń bọ̀ wá tọrọ Fàìzà. Àìsàn tí kò lórúkọ ní Yorùbá, wọn á fún un lórúkọ."

Ó bí mi nínú. Ohun tó tún wá bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́bọ̀, 15

Ọyẹ́ mú. Eruku bo gbogbo ánkárá tí mo pàtẹ síta, mo ń gbọn ọ́n, ó ń padà. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé páálí sí ìsàlẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo tún wọ̀ ọ́, mo ń gbé ọ̀tún, mo ń gbé òsì. Micheline, ọmọ Cotonou tó ń ta abọ́ oníke ní iwájú mi, ń wò mí.

Ó ní, "Maman Fàìzà, c'est la danse ou bien? Láti àárọ̀ lẹ ti ń jó."

Mo ní inú mi ló ń dùn.

Rírìn nìkan ló ń dín in kù. Mo máa ń rìn láti ìsọ̀ mi dé ìhà ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja, mo máa ń padà. Àwọn oníbàárà méjì dé, wọn kò bá mi, wọ́n lọ. Bí mo bá dúró, ìyà. Bí mo bá rìn, àdánù.

Ọjọ́ Àìkú, 18

Ìsọmọlórúkọ ní Adjamé, nílé àwọn ará Ọ̀yọ́. Orí ẹní ni gbogbo obìnrin jókòó sí. Wáàsí náà gba wákàtí kan àti ààbọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni àfáà ń tún sọ. Nígbà tí a dìde, láti orúnkún mi dé ilẹ̀, mi ò mọ̀ pé mo ní nǹkan kan níbẹ̀. Mo di òpó àtíbàbà mú.

Ìgbà yẹn gan-an ni Alhája Mounira ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá Karim lóbìnrin ni, òun ló tọ́ Karim dàgbà látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ohun tó bá sọ nílé yẹn ni abẹ gé. Obìnrin mẹ́rin tó wà níwájú mi kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi tẹrí ba, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, Alhája." Ọwọ́ mi kò kúrò lára òpó. Bí mo bá fi sílẹ̀, orí rẹ̀ ni mo máa wó lé.

Kò wo ojú mi. Orúnkún mi ló wò. Ó ní, "Ìyá Fàìzà, ṣé dáadáa lo wà?" Kò dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Ọ̀rọ̀ ti délé. Fàìzà dé láti ibi iṣẹ́, kò tíì bọ́ bàtà tó fi dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Gbogbo Yorùbá tí a bá sọ ló gbọ́, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí i, Faransé ló ń jáde.

"Maman, tu as fait quoi à la tantie de Karim?"

Ó ń béèrè ohun tí mo ṣe sí àǹtí Karim. Karim ló sọ fún un. Alhája ní ilé tí ìyá kì í kúnlẹ̀, kí ni ọmọ fẹ́ kọ́ níbẹ̀? Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Alhája ní kò sí ìkánjú mọ́, kí a ṣe ààwẹ̀ tán ná. Gbogbo wa la mọ ohun tí "kò sí ìkánjú" jẹ́ lẹ́nu àgbà.

Èmi Mọ́síùrá. Èmi tí ìyá mi ti ń tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó mọ orúkọ ẹni tí mò ń kí. Mo ti kúnlẹ̀ fún àwọn tí kò tó bẹ́ẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ní Abidjan, kò sẹ́ni tí mo rí fín. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ kọ̀, wọ́n ní ìgbéraga ni.

Fàìzà wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́rin ni òun àti Karim ti ń dúró kí iṣẹ́ Karim fi dúró dáadáa. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún, ó sì mọ̀ pé mò ń gbọ́.

Lúkmánì ní kí n lọ bẹ Alhája nílé. Kí n kúnlẹ̀ dáadáa. Kí n má sì dárúkọ àìsàn kankan.

Jímọ̀, 23

Mo ń fi ìkúnlẹ̀ dánra wò. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Lórí ilẹ̀ lásán: mo ka ogójì, èèrà bẹ̀rẹ̀. Mo ka àádọ́rùn-ún, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Mo fi ìrọ̀rí sí i, ó fi díẹ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ìrọ̀rí lọ bẹ èèyàn nílé?

Fàìzà ṣílẹ̀kùn, ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Maman, tu pries?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mò ń kírun ni. Kọ́bọ́ọ̀dù náà kò sí ní ìhà Kíblà. Ó wò ó, ó wò mí, ó rọra ti ilẹ̀kùn padà.

Orí àga ni mo ti ń kírun láti oṣù mẹ́ta, nínú yàrá, bí olè.

Ọjọ́rú, 28

Oògùn náà ń gbẹ mí lẹ́nu. Mò ń mu omi, ó ń gbẹ. Ní àárọ̀, ojú mi kò là dáadáa títí di aago mẹ́wàá. Obìnrin kan ní òun fẹ́ "trois pagnes", aṣọ mẹ́ta, mo gé méjì fún un. Ó ní, "Tantie, tu dors ici?" Pé ṣé mò ń sùn níbí ni. Mo fi ohùn líle dá a lóhùn, ó fi aṣọ sílẹ̀. Ta ló fẹ́ ra pagne méjì tí a ti gé?

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́: mo sùn di àsùbáà lánàá. Ó ti tó ọdún kan tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Èèrà náà kò pọ̀ nígbà tí mo jí. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ oògùn yìí tàbí kí n dà á sínú ṣáláńgá.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kejì

Mo lọ. Ní Marcory mo wọ taksí wôrô-wôrô, mo tún wọ bọ́ọ̀sì gbaka. Ìjókòó iwájú há mọ́ mi lórúnkún, a kò tíì kọjá afárá tán tí ẹsẹ̀ ti ń gún mi. Ooru mú, dẹ́rẹ́bà ń jà pẹ̀lú ẹni tó ń gbowó, gbogbo nǹkan ń ká mi lára.

Alhája wà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí táìlì, orúnkún méjèèjì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí mi. Mi ò fi yín wọ́lẹ̀, mi ò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ láé." Lẹ́yìn náà ó ní ó ti tán nínú òun. Mo fẹ́ dìde. Ló bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ó ṣàdúrà fún Lúkmánì. Ó ṣàdúrà fún ìsọ̀ mi. Ó ṣàdúrà fún ìyá mi tó wà nínú sàréè, fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà, fún ìlú tí a wà, fún ìlú tí a ti wá. Mò ń ṣe àmín. Mo ti kà kọjá àádọ́rùn-ún. Nígbà tó dé "Ọlọ́run kò ní sọ wá di ẹni ẹ̀yìn," ẹsẹ̀ méjèèjì ti lọ. Ó tún rántí àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí.

Ó ní, "Ó yá, dìde." Mo gbìyànjú. Mo fi ọwọ́ ti tábìlì, tábìlì dà, àwo tíì ṣubú, ife méjì fọ́. Mo wà nílẹ̀ láàárín wọn.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ó rẹ̀ mí ni, mà. Oorun ni."

Ó pe ẹnìkan kó wá nu ilẹ̀. Ó ní wọn á wá lọ́jọ́ kẹrìnlá bí a ṣe dá a tẹ́lẹ̀.

Mo ti ṣẹ́gun. Taksí ni mo wọ̀ padà, mo nà sórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Mi ò jáde lánàá, mi ò jáde lónìí. Láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ara mi ń jó. Aṣọ ìbora tó kàn án ń dùn mí.

Dókítà pè. "Vous avez fait quoi?" Mo ní mo kúnlẹ̀ ni. "Mais pourquoi, madame?" Mo wá Faransé tí n óò fi ṣàlàyé ìdí tí mo fi kúnlẹ̀, mi ò rí. Mo ní mo ń nu ilẹ̀.

Ó ní omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kì í ṣe gbígbóná. Òrí tí a fi ń pa ara, kí a rọra fi pa á láti ọmọ ìka lọ sókè. Kí n gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n padà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, bó ti wù kó le tó. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ń ṣe é mo ń ṣépè fún un.

Lúkmánì gbé attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ìbí, àti ẹja wá fúnra rẹ̀. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀, ó ń ha á bí ìkòkò tó jóná. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n kúnlẹ̀." Ó jáde. Nígbà tó yá, mo pè é padà, mo fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Mo rìn dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ìyẹn tó èrè.

Ní ọ̀sán, Fàìzà ń bá mi pa òrí sí ẹsẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ tutù, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó kàn sọ ọ́ láìgbé ojú sókè: "Moi aussi, des fois, ẹsẹ̀ tèmi náà máa ń kú."

Mo bi í pé nígbà wo, ẹsẹ̀ wo, ṣé ó ń gún un? Ó ní bí òun bá jókòó lé e ni, pẹ̀lú fóònù. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí dókítà lórí Wáásápù. Ó dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ló máa ń kú bí wọ́n bá jókòó lé e, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nítorí pé mo bi òun, òun á sọ ọ́: àìsàn yìí, nígbà mìíràn a máa ń rí i lára ìyá àti lára ọmọ. Kì í ṣe dandan. Kò sẹ́ni tó lè búra bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ara mi nìkan ni mò ń fi pa mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 12

Èmi àti Lúkmánì jà. Mo ní mo máa sọ fún Alhája lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, níwájú gbogbo wọn. Ó ní bí mo bá sọ ọ́, mo ti tú ilé ọmọ mi ká kí wọ́n tó kọ́ ọ. Mo ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ó ní kí ogún ọdún náà kọ́kọ́ pé, Fàìzà á ti bímọ.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Bí wọ́n bá kọ ọmọ yìí nítorí ẹsẹ̀ mi, ojú wo ni mo máa fi wò ó?

Fàìzà ń gbọ́ wa láti yàrá. Ó jáde. Ó ní, "Karim est au courant. Mo ti sọ fún un láti ọjọ́ tí Maman ti dùbúlẹ̀. Il a dit y a pas drap, ó ní kò sí wàhálà."

Lúkmánì ní, "Karim kọ́ ló máa pinnu."

Ó tọ́. Karim kọ́. Fàìzà wò mí, ó ní, "Maman, sọ ọ́." Yorùbá ló fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Wọ́n dé lẹ́yìn ìrun Àsárì, èèyàn méje. Mo ti gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Fàìzà kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa. Èmi jókòó.

Alhája Mounira ní, "Ìyá Fàìzà, a ti dé o." Ó dúró, ó ń retí.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ dákun, mi ò lè kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga. Àìsàn wà nínú ẹsẹ̀ mi, ó ti lé ní ọdún méjì. Bí mo bá kúnlẹ̀, á kú mọ́ mi lára, ọjọ́ méjì ni mo sì máa fi dùbúlẹ̀. Ọjọ́ tí mo fọ́ ife yín, kì í ṣe oorun."

Ó jókòó. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pè é?" Mo dárúkọ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti pè é, ó fi sílẹ̀. "Ṣé ó máa ń ràn?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀?"

Lúkmánì wúkọ́. Mo mọ ohun tí ikọ́ náà ń sọ.

Mo ní, "Dókítà ní nígbà mìíràn a máa ń rí i lára ìyá àti ọmọ. Kì í ṣe dandan. Fàìzà kò ní in lónìí. Ti ọ̀la, mi ò lè búra fún yín."

Fàìzà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí pé kó dìde.

Alhája ní, "Lọ́jọ́ tí o wá, àdúrà mi gùn. Kí ló dé tí o kò ní kí n dá a dúró?"

"Mà, ta ló ń dá àdúrà dúró?"

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wọn fi ìborùn bo ẹnu. Alhája kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní àwọn máa lọ sọ̀rọ̀ nílé, àwọn á ránṣẹ́. Wọ́n mu omi. Wọn kò fọwọ́ kan ìrẹsì.

Ọjọ́ Ajé, 16

Kò sí ìpè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Ṣúgà ti gbówó lórí nítorí ààwẹ̀, dàbínù náà bẹ́ẹ̀. Kò sí ìpè. Micheline bi mí pé ìgbà wo ni ìgbéyàwó. Mo gbọn aṣọ tí kò ní eruku.

Fàìzà kò jẹun dáadáa. Kò bá mi jà. Lúkmánì kò sì sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Ì bá tiẹ̀ sọ ọ́ kí n rí ẹni bá jà. Ẹsẹ̀ mi ń jó láti àárọ̀ bí ẹni pé òun náà ń retí fóònù.

Ọjọ́bọ̀, 19

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sí ẹ̀yìn ìṣínu, ìyẹn kò ní wàhálà. Ẹnu gbígbẹ ni mo ń bá jà láti òwúrọ̀.

Karim dé nígbà tó kù díẹ̀ kí a ṣínu. Ó gbé àga onígi kan lọ́wọ́, tuntun, ó ṣì ń rùn fáníìṣì. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, Alhája ní kí ẹ gbọ́ èyí." Ó tan ohùn rẹ̀ lórí fóònù. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo lè kọ ọ́ láìṣì.

"Ìyá Fàìzà, ẹ kú ààwẹ̀. Mo bi ọ́ ní ìbéèrè kan nílé rẹ, o dá mi lóhùn. Mo wá délé, mo bi àwọn tiwa pé, àwa náà ńkọ́, kí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa tó yẹ ká sọ fún àwọn tí a fẹ́ gbọ́mọ lọ́wọ́ wọn? Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń wo ilẹ̀. Ó dáa, èmi á sọ ọ́. Ìtọ̀ ṣúgà ló pa bàbá Karim. Ikọ́ la sọ fún gbogbo ayé. O ti gbọ́ báyìí, ìwọ náà rò ó wò bóyá o ṣì fẹ́ fún wa lọ́mọ. Bí o bá ṣì fẹ́, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ a máa wá jẹ ìrẹsì wa. Àga méjì ni mo ní kí wọ́n kàn. Ọ̀kan nìyí. Èkejì wà nílé mi, orí rẹ̀ ni wàá ti máa kí mi. Mi ò lè gé àdúrà mi kúrú o, mo ti dàgbà jù."

Mo sunkún. Mo wo Lúkmánì, òun náà ń wo ilẹ̀. Karim ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó ń retí ohun tí mo máa sọ nípa bàbá rẹ̀. Mo ní kó dìde. Mo ní kó máa ṣe àyẹ̀wò ṣúgà lọ́dọọdún, kó sì bá wa ṣínu. Fàìzà ti lọ mú abọ́ kejì kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Mo jókòó lórí àga náà. Ó ga díẹ̀ jù, ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀ dáadáa, kò sì pẹ́ tí èèrà fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti fẹ́ pa á mọ́ra bí mo ṣe máa ń ṣe níwájú àlejò. Mo wá sọ ọ́ síta. "Ẹsẹ̀ mi ń gún mi o."

Karim dìde, ó lọ wá páálí tí a ó fi sí abẹ́ ẹsẹ̀ mi.